Mo ka ìwé kẹta Game of Thrones tán, obìnrin tó jí dìde náà dà?

Télọ̀_Àdétà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Aṣọ ni mò ń rán, Ìlọrin níbí. Lọ́dún tó kọjá, tí mo bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, fóònù ni mo máa ń gbé síwájú láti wo Game of Thrones. Apá mẹ́jọ, ìpín 73, mo wò ó tán pátá, mo sì bínú sí ìparí ẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe bínú. Àgùnbánirọ̀ kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi ló fún mi ní ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ nígbà tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ sílé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ò tíì wo nǹkan kan." Mo ti ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oṣù márùn-ún ló gbà mí, torí ìwé kẹta yẹn, ẹni tó bá gbórí lé e kò nílò ìrọ̀rí mọ́.

Ohun tí kò yé mi rèé. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń jiyàn ìwé àti fíìmù, wọ́n á ní ohun tó dun àwọn jù nínú ohun tí fíìmù yọ ni obìnrin tó jí dìde, pé ìparí ìwé kẹta ló wà. Mo ti ka ìwé kẹta dé òpin. Òkú kan ṣoṣo tí mo rí tó ń jí ni Beric olójú kan yẹn. Ibi tí ìwé tèmi parí sí ni ibi tí Littlefinger ti ti ìyàwó ẹ̀ láti òkè téńté. Ṣé mo fojú fò ó ni? Ṣé kí n sì wá ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún kà, àbí nǹkan tí mo ti wò náà ló wà níbẹ̀?

Ọmọ_Ọ̀ffà:
Àǹtí, ẹ ṣí ẹ̀yìn ìwé yẹn wò dáadáa. Orí kan ṣì yẹ kó wà lẹ́yìn ti Littlefinger, Epilogue ni wọ́n kọ sí i lórí. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé wọ́n ti fà á ya kó tó dé ọwọ́ yín.

Télọ̀_Àdétà:
Yéè! Òótọ́ ni o. Gọ́ọ̀mù ṣì wà ní ẹ̀yìn ẹ̀, mo sì ń rí etí àwọn ewé tó já níbẹ̀. Mo rò pé bí ilé ìtẹ̀wé ṣe ṣe é nìyẹn. Èmi tí mo máa ń yí aṣọ wò tinú tòde ní Ọjà Ọba kí n tó yọ owó, ìwé ni mo wá gbà láì ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ wò!

Ó dáa, ta ni obìnrin náà? Ẹ sọ ọ́, fíìmù ti kúkú tú gbogbo àṣírí tó kù fún mi.

Tíṣà_Ìgbájà:
Catelyn ni. Ìyá Robb.

Télọ̀_Àdétà:
Catelyn tí àwọn ará ilé Frey dúńbú níbi ìgbéyàwó, pẹ̀lú Robb ọmọ ẹ̀? Ẹni tí mo ti sunkún ẹ̀ tán?

Ọmọ_Ọ̀ffà:
Òun náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni òkú ẹ̀ fi wà nínú odò. Beric yín yẹn ló gbé ẹ̀mí tiẹ̀ fún un, òun fúnra ẹ̀ wá kú, kò jí mọ́. Lady Stoneheart ni wọ́n ń pe obìnrin náà láti ìgbà yẹn. Nígbà tí apá kẹrin fíìmù ń parí lọ lọ́dún 2014, àwa tí a ti kàwé jókòó, à ń retí ẹ̀ pé yóò yọ ní ìpín tó kẹ́yìn. Kò yọ. A ní bóyá apá karùn-ún. Kò yọ títí ayé.

Àkúdàáyà ni wọ́n fi dù wá yẹn.

Ìyá_Ọmù_Àrán:
Ọmọ Ọ̀ffà, ìyẹn kì í ṣe àkúdàáyà o. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa nílé, àkúdàáyà máa ń sá lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n ni. Á gba ilé, á ṣòwò, á fẹ́ ìyàwó, á bímọ, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ ẹ̀ kan bá ṣèèṣì bá a pàdé lọ́jà ni á pòórá. Àkúdàáyà fẹ́ gbé ayé tó kù fún un ni.

Catelyn ò sá lọ síbì kankan. Ìlú ẹ̀ náà ló wà, ó ń yẹ igi wò, igi tó bá lágbára ni ó ń so ọmọ Frey kọ́. Wọ́n ti gé e lọ́fun, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, àfi kó fọwọ́ di ojú ọgbẹ́ yẹn mú kí ohùn tó lè jáde. Ìyá tí a mọ̀ kọ́ ló jí. Ìbínú ẹ̀ nìkan ló jí.

Ohun tó jẹ́ kí yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ dùn mí nìyẹn. Ẹni tó wo fíìmù, ìgbéyàwó yẹn á kàn dà bí ọ̀fọ̀ fún un. Ẹni tó kàwé á rí ohun tí ọ̀fọ̀ ń sọ èèyàn dà bí kò bá jẹ́ kó lọ. Ní ìwé kẹrin, wọ́n fa Brienne, jagunjagun obìnrin tó jẹ́ olóòótọ́ sí i jù lọ, dé iwájú ẹ̀. N ò ní sọ ìyókù.

Alfa_Kékeré:
Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà. Èmi ò rò pé gbogbo ibi tí fíìmù ti yà ló burú. Ẹ rántí apá kejì, nígbà tí Arya, àbúrò Robb, ń gbé ọtí fún Tywin, bàbá Tyrion, ní Harrenhal? Kò sí nínú ìwé. Nínú ìwé, Roose Bolton ló sìn, kò sì sí ìjókòó kankan tí òun àti Tywin jọ jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọdé yẹn lójú Charles Dance tó ṣe Tywin, tó mọ̀ pé bí òun bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, ó parí. Ọ̀rọ̀ wọn dùn ju ìwé lọ, mo sọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ lù mí kó wá.

Àwọn Dothraki, àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn ńkọ́? Fíìmù jẹ́ kí n rí wọn, mo sì rẹ́rìn-ín. Ẹṣin l'eégún ilé wọn! Ìlọrin ni mo pè wọ́n, àfi ti pé idà tó tẹ̀ bí dòjé ni wọ́n mú dípò ọ̀kọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ:
Ọ̀rọ̀ Dothraki yẹn, iṣẹ́ mi ni, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Nínú ìwé, ọ̀rọ̀ mélòó kan ni èdè wọn: khal (ọba wọn), khaleesi (ìyàwó ọba), àti àwọn díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fíìmù ló gba onímọ̀ èdè kan, David J. Peterson, tó jókòó ṣẹ̀dá gírámà fún un, ọ̀rọ̀ tó ṣe sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn òṣèré kọ́ ọ sórí. Nítorí náà, ẹnu Khal Drogo tinú fíìmù kún ju tinú ìwé lọ.

Tíṣà_Ìgbájà:
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀yin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìdí tí wọ́n fi ń yà hàn yín, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní bínú sí gbogbo ẹ̀.

Ẹ ṣí ìwé yín. Kò sí orí kan tó ń jẹ́ "Orí Kìíní". Yàtọ̀ sí Prologue àti Epilogue, orúkọ èèyàn ló wà lórí ìkọ̀ọ̀kan: Bran, Catelyn, Eddard, Jon. Inú orí ẹni yẹn la wà títí ìpín náà fi parí. Ohun tí kò rí, a ò rí i. Irọ́ tó ń pa fún ara ẹ̀, a gbọ́ ọ. Kámẹ́rà ò lè wọ inú èèyàn, àfi kó mú kí ẹni náà sọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí Robert àti Cersei fi jókòó sọ bí ìgbéyàwó wọn ṣe bàjẹ́ nínú apá kìíní. Kò lè wà nínú ìwé kìíní, torí Robert kò ní orí kankan rí, ìwé kẹrin ni ti Cersei sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ dáa, mo gbà.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ mí ni túbú Tyrion. Télọ̀ wa, ẹ ti ka ibẹ̀, ó wà nínú èyí tí kò já. Nínú fíìmù, Jaime wá tú àbúrò ẹ̀ sílẹ̀ lóru, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n dágbére. Ọ̀nà ti là sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń dúró. Ni Tyrion bá tún yà gun òkè lọ sí yàrá bàbá ẹ̀. Mo wò ó pẹ̀lú ìyàwó mi, ìyàwó mi ní, "Kí ló ń wá lọ síbẹ̀?" N ò rí èsì fún un, torí fíìmù ò ní èsì.

Ìwé ní in. Kí wọ́n tó pínyà, Jaime jẹ́wọ́. Tysha, ọmọbìnrin tí Tyrion fẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí wọ́n sọ fún un pé aṣẹ́wó ni, pé Jaime ló fowó rà á fún un, kì í ṣe aṣẹ́wó. Ọmọ òrukàn ni, ọmọ àgbẹ̀, ó sì fẹ́ràn ẹ̀ tọkàntọkàn. Bàbá wọn ló ní kí Jaime purọ́. Ohun tí bàbá náà ní kí àwọn ọmọ ogun fi ọmọ yẹn ṣe, ẹ ti kà á, n ò ní kọ ọ́ síbí. Tyrion gbá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú, ó sì fi irọ́ tó burú jù dá a lóhùn: ó ní òun lòun pa Joffrey, ọba tí wọ́n torí ikú ẹ̀ jù ú sí túbú. Kò sí ìdìmọ́ra kankan. Ohun tó gbé e gun òkè lọ ni ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo ni Tysha wà? Bàbá ẹ̀, lórí ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tún pe ọmọ náà ní aṣẹ́wó. Ọfà sì jáde.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Tyrion tinú fíìmù dé ọ̀dọ̀ Daenerys, ọbabìnrin tó ní drágónì, ó di olùdámọ̀ràn ọlọgbọ́n, ó ń ṣe àwàdà. Ti ìwé karùn-ún ń mutí bí ẹni tó fẹ́ kú ni, ibi tó bá dé ló ń béèrè ibi tí àwọn aṣẹ́wó ń lọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ọmọ_Ọ̀ffà:
Tíṣà, ẹ ti dá a mọ́lẹ̀. Ìjàkadì l'orò Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n n ò bá yín jà lórí èyí.

Télọ̀_Àdétà:
Mo ka ibi túbú yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bóyá mo gbàgbé ohun tí mo wò ni. Ẹ ṣeun, Tíṣà.

Èmi náà ní ọ̀kan. Ìyàwó Robb. Nínú fíìmù, Talisa ará Volantis ni, ìfẹ́ ló gbé wọn, ó sì wà níbi ìgbéyàwó yẹn pẹ̀lú oyún. Nínú ìwé, Jeyne Westerling ni, wọn ò mú un lọ, kò kú. Mo kà á, mo sì bínú sí fíìmù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Robb nígbà tí ìwé bẹ̀rẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ládùúgbò wa, JSS ló wà. Wọ́n ṣe é léṣe lójú ogun, Jeyne ń tọ́jú ẹ̀, ìròyìn dé pé wọ́n ti pa àwọn àbúrò ẹ̀, ọmọ náà ló rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ilẹ̀ mọ́, ojú ti Robb, ó ní òun ò ní ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ kóun fi sílẹ̀. Ó gbé e níyàwó. Ohun tí bàbá ẹ̀ kọ́ ọ ló pa á. Ìfẹ́ kọ́.

Ìyá_Ọmù_Àrán:
Ẹ ẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀? Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ní ti ọjọ́ orí, wọn ò lè ṣe bí ìwé ṣe ṣe é o, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jà. Ọdún mẹ́tàlá ni Daenerys nígbà tí wọ́n fà á fún Drogo. Ta ló fẹ́ wo ìyẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ:
Kíákíá: Night King tinú fíìmù, olórí àwọn òkú tó ń rìn yẹn, ò sí nínú ìwé márààrún. Night's King kan wà, ìtàn àtijọ́ tí àwọn àgbà ń sọ lẹ́bàá Odi ni. Ẹ má wá a kiri.

Alfa_Kékeré:
Ìbéèrè kejì Àǹtí ṣì wà nílẹ̀ o. Ṣé kí wọ́n ka ìkẹrin àti ìkarùn-ún?

Ọmọ_Ọ̀ffà:
Ẹ kà á, Àǹtí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti yà. Martin tó kọ ìwé fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìpín kan nínú apá kọ̀ọ̀kan láti ìkíní dé ìkẹrin, ìgbà tó yá ó ṣíwọ́. Ìwé kẹta ni wọ́n pín sí apá kẹta àti ìkẹrin. Láti apá karùn-ún, wọ́n ń po ìwé kẹrin mọ́ ìkarùn-ún. Nígbà tó di apá kẹfà, wọ́n ti kọjá òǹkọ̀wé fúnra ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìkarùn-ún jáde ní 2011, ọdún tí fíìmù bẹ̀rẹ̀. Ìkẹfà la ṣì ń retí.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ tí ẹ ò wò rí: Sansa ò fẹ́ Ramsay. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Jeyne Poole, ọmọ alábòójútó ilé wọn, ni wọ́n mú, wọ́n ní òun ni Arya, wọ́n sì fà á lé ẹranko yẹn lọ́wọ́. Sansa wà lókè ńlá pẹ̀lú Littlefinger, ó ń kọ́ ọgbọ́n. Jaime ò dé Dorne. Barristan, àgbà jagunjagun Daenerys, ò kú ní títì, ó wà láàyè, òun ló ń dá ìlú Meereen dúró nígbà tí Daenerys fò lọ. Mance tí ẹ rí tí wọ́n dáná sun, òun kọ́ ni, ẹlòmíì ni wọ́n fi àwòrán ẹ̀ bò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì tún jáde tó ní òun ni Aegon, ọmọ Rhaegar, tó kó ogun wọ̀lú. Kò jáde nínú fíìmù rárá.

Tíṣà_Ìgbájà:
Ìkìlọ̀ kan. Ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún, àsìkò kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó pọ̀ jù fún ìwé kan, òǹkọ̀wé bá fi ibi tí àwọn èèyàn wà pín in. Jon, Tyrion, Daenerys, ẹ ò ní rí orí kankan tiwọn nínú ìkẹrin. Kí ẹ má wá tún figbe ta níbí pé wọ́n ti já ìwé yín.

Télọ̀_Àdétà:
😂 Tíṣà!

Ìyá_Ọmù_Àrán:
Télọ̀ wa, nǹkan kan wà nínú ìkarùn-ún fún yín. Aṣọ. Ní Meereen, Daenerys kò lè jókòó dájọ́ láì wọ tokar. Aṣọ gígùn tí wọn ò rán rárá, wọ́n máa ń wé e mọ́ ìbàdí, wọ́n á gbà á abẹ́ apá, wọ́n á sọ ọ́ sí èjìká, wajawaja ń fì létí ẹ̀. Tó bá tú, ó bọ́. Tó bá le jù, ó gbé ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣubú. Ọwọ́ òsì kan gbọ́dọ̀ máa dì í mú ní gbogbo ìgbà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ aṣọ ọ̀gá, torí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kò lè ṣiṣẹ́ kankan. Ó kórìíra ẹ̀, ó sì ń wọ̀ ọ́. Nínú fíìmù, aṣọ funfun tó rẹwà ni wọ́n rán fún un, ó ń rìn fàlàlà. Mo máa ń rò ó pé gbogbo ìṣòro ẹ̀ ní ìlú yẹn wà nínú aṣọ kan tí wọn ò jẹ́ kó wọ̀.

Télọ̀_Àdétà:
Aṣọ tí wọn ò rán, tí ọwọ́ kan ń dì mú! Bíi ká wọ agbádá láìní ọrùn. Mo ti ń ro bí n ó ṣe gé e.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tánkẹ:
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn iyàn bẹ́ẹ̀, ẹ gbìyànjú House of the Dragon náà, fíìmù ìtàn àwọn baba ńlá Daenerys. Ìwé tí wọ́n gbé e lé, Fire & Blood, tí ó jáde ní 2018, kò ṣe bí ìtàn àròsọ rárá. Bí òpìtàn ṣe ń kọ ọ́ ló ṣe é: Eustace àlùfáà ní báyìí ló rí, Mushroom aràrá aláwàdà ọba ní rárá o, ẹlòmíì tún ní tiẹ̀. Ẹni tó kà á ló máa yàn. Fíìmù ní láti mú ẹnu kan, kó sì sọ pé báyìí ló rí. Síbẹ̀ ibì kan wà tí kò sí iyàn: ọmọ mẹ́ta ni Helaena, ìyàwó ọba, bí nínú ìwé, àwọn apànìyàn sì ní kó fẹnu ara ẹ̀ mú èyí tí wọ́n máa pa nínú àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ó mú èyí àbúrò, wọ́n wá pa ẹ̀gbọ́n. Fíìmù yọ ọmọ kékeré yẹn, ó ku ìbejì, kò sí ohun tó máa yàn mọ́, ó kàn nawọ́ sí èyí tó jẹ́ ọkùnrin ni. Ní 2024, Martin fúnra ẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sórí ayélujára pé yíyọ tí wọ́n yọ ọmọ yẹn kò dáa, kò pẹ́ ó tún yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò.

Alfa_Kékeré:
Ìtàn ẹlẹ́nu púpọ̀ yẹn, ìlú wa náà ní in. Ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá, bí ilé kan ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ni ilé kejì ń

Alákòóso:
Alfa, ẹ dúró níbẹ̀. Drágónì la wà lórí ẹ̀. Ìgbà tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́.

Alfa_Kékeré:
Mo ti dákẹ́.

Ìyá_Ọmù_Àrán:
Télọ̀, ìwé kẹta wà nílé mi, ó pé. Mo ń bọ̀ ní Ìlọrin ní Sátidé fún wòlímọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má kọ àdírẹ́sì síbí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo ní ìró kan tí ìgbátí ẹ̀ ti tú, ẹ bá mi kán an, èmi náà á sì dúró tì yín títí ẹ ó fi ka ewé yẹn tán. Ìwé mi ò sùn níta.

Télọ̀_Àdétà:
Ẹ mà ṣeun o, mọ̀mí. Ìró kan kéré, ẹ kó wọn wá.

Télọ̀_Àdétà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wá. Ìró mẹ́rin ni wọ́n kó dé! Mo gbé wọn fún ọmọ iṣẹ́, mo jókòó sórí àpótí, mo ń kà.

Mo rò pé Catelyn ló máa ṣáájú nínú ẹ̀. Kì í ṣe òun. Merrett ni, ọ̀kan nínú àwọn Frey, ọ̀mùtí tí orí ń fọ́. Ó ru wúrà wọ igbó lọ láti fi ra ẹbí ẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn olè. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti so ẹbí náà kọ́. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ ẹ̀ náà. Ó ń bẹ̀ wọ́n, ó ní níbi ìgbéyàwó yẹn ọtí lòun ń bá ẹnìkan mu ní tòun, òun ò ṣe nǹkan kan. Àánú ẹ̀ ti ń ṣe mí. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí wà. Obìnrin kan tó bo orí wá síwájú, ó ṣí ìborí. Ọwọ́ mi tutù. Wọ́n bi í bóyá ọkùnrin yìí wà lára wọn.

Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mi orí ni.

Mọ̀mí ti gba ìwé wọn lọ, wọ́n tún gba ìró wọn. Ta ló ní ìkẹrin, tí ẹ̀yìn ẹ̀ pé?